Lẹ́tà Tí Kò Lámì

Rélùwéè ló ń gbé lẹ́tà bàbá mi wọ Òṣogbo lásìkò ogun,
èdìdì sójà lẹ́yìn àpòòwé,
ẹrẹ̀ ilẹ̀ tí a kò dé rí ní igun kan.
Ará Íńdíà ni, Dókítà Kúríyàn, oníṣẹ́ abẹ.
Ìbídùn ìyá mi ló kọ́ ọ ní Yorùbá
ní ẹ̀yìnkùlé ọsibítù Jálèyẹmí;
kò tíì kọ́ ọ dé ibi àmì ohùn tí ogun fi dé.

"Mo ge owo merin loni."
Màmá ní owó ni, ó gé owó oṣù mẹ́rin pamọ́ fún wa.
Àbúrò mi ní ọwọ̀ ni, Bàbá fẹ́ gbálẹ̀ bárékè.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì,
mi ò sọ nǹkan kan.

"Igba ni won gbe de laaro yi."
Igbá, ni Màmá wí, ó sì rẹ́rìn-ín,
wọ́n fẹ́ fi bu ẹ̀kọ mu.
Lóru mo gbọ́ tó ń ka ení, èjì, wúyẹ́wúyẹ́,
ó dé ọgọ́sàn-án, ó dákẹ́.

Oṣù mẹ́ta láìsí ìwé. Òjò.

Èyí tó kẹ́yìn kò ju ìlà kan lọ:
"Mo n bo."
Àbí ó ń bò wọ́n ni, àwọn tí abẹ kò gbà là?
Màmá gba pẹ́ńsùlù mi, ó fi ahọ́n kàn án,
ó to àmì kan sábẹ́, ó fa ọ̀kan sórí:
bọ̀.
Ó ní kí n lọ fọ ife Bàbá.

Tàdáwà ti ṣí lójú ìwé náà báyìí.
Àmì Màmá ò tíì ṣí.