Hóró

Ọdún méje ni wọ́n fi bá Remigio jà lórí iyọ̀.
Ó ń jẹ ọ̀dùnkún Chiloé ní àtẹ́,
ó ń gbé oògùn mẹ́rin mì,
síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ru bí òkun oṣù keje.
"Kò lo oògùn," ni wọ́n ń wí.
Èmi aya rẹ̀ ń yọ́ ka hóró.

Àfi dókítà ọ̀dọ́ kan ní Ancud
tó béèrè nípa iṣan ẹsẹ̀ tó ń sún kì lóru.
Kókó bíi hóró ẹ̀wà ló gun kídìnrín lẹ́yìn,
ó ń sun omi sẹ́jẹ̀, ó ń pàṣẹ:
"Di iyọ̀ mú!"

Wọ́n gé e kúrò.
Oògùn ku ẹyọ kan.
Mo ti bu iyọ̀ díẹ̀ padà sọ́bẹ̀.
Remigio ò tíì bi mí
ta ló ń ka oògùn òun.