Sílíńdà Kẹta

Ìjàpá baba mi kò ní omi nínú.
Kò ní ráádétọ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ kànga;
afẹ́fẹ́ ló ń mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á,
afẹ́fẹ́ Ìpẹru, teruku-teruku.

Èmi ni mo lọ tọ́jà rẹ̀.
Mo ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì náà di ńlá,
kí wọ́n pọn kabúrétọ̀ méjì sí i lẹ́yìn bí ìbejì.
Ó sáré. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó sáré.
Ṣùgbọ́n kó tó gun òkè ọ̀nà Ògèrè tán
ọ́ìlì ti ń hó kùtùkùtù,
ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ò gbóná.

Ìmọ̀ràn pọ̀ ju nọ́ọ̀tì lọ nílùú wa.
Ẹnìkan ní kí n fi igi ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sókè.
Ẹnìkan ní kí n lù ú bí asẹ́.
Ṣóẹ̀yẹ onílọ́rì ní kí n tú páànù tó bo ẹ́ńjìnnì dànù:
"Ta ní í wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú ooru?"
Mo tì í. Mo lù ú. Mo tú u.
Ooru ń gorí ooru.

Mo gbé e lọ bá Ọ̀nàfúwà, àgbà tí kì í kánjú sọ̀rọ̀.
Kò mú sípánà.
Ó fa òwú mẹ́fà yọ létí fìlà rẹ̀,
ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹnu páànù, ó ní, "Máa wà á lọ,"
ó sì dojú kọ ẹ̀yìn bí ọmọ tí wọ́n ń gbé kúrò nílé ìyá rẹ̀ àgbà.
Nígbà tí a dé, ó ní:
"Èémí tó mí síta nísàlẹ̀
ló ń gba ibi tí o tú padà wọlé.
Fáànù rẹ ń fẹ́ iná síná."

Ó ní kí n na ọwọ́ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan.
Èkíní gbóná. Èkejì gbóná. Ẹ̀kẹrin, bákan náà.
Ẹ̀kẹta fẹ́ẹ̀ bó mi lọ́wọ́,
nítorí atu-ọ́ìlì ló dúró níwájú rẹ̀,
ó ń gba atẹ́gùn mu kó tó kàn án.
Mi ò lè sọ̀rọ̀.
Ọmọ kẹta lèmi náà nílé wa;
kí àmù tó kàn mí láti rẹ gààrí,
omi ti lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dá páànù padà, ó fi rọ́bà dí gbogbo etí,
ó kọ́ yàrá sẹ́yìn fún atu-ọ́ìlì, ó pè é nílé ajá,
kó máa mu atẹ́gùn tirẹ̀ níbẹ̀.
Àwọn ihò tí mo lu, kò dí wọn.
"Jẹ́ kí wọ́n wà. Kí o máa rí wọn."

Lórí òkè Ògèrè lánàá, mo páákì, mo ṣí i.
Ìyàwó mi ṣì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Mo na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.
Ó gbóná,
ṣùgbọ́n ó gbóná bí ẹgbẹ́ rẹ̀.