Ta Nì Yẹn?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá ní Sábó, Ṣàgámù.
Òjò ti dá, òrùlé páànù ṣì ń kán tó, tó, tó
sórí agbọ̀n obì tí wọ́n fi ewé bò.
Mo jókòó ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀,
èmi àti kọ̀ǹpútà àlòkù tí Alágbà Ṣóẹ̀tan rà ní gbàǹjo,
tó ní kí n fọ inú rẹ̀ mọ́, kí n fi Línúùsì sí i,
nítorí Wíńdòsì ti darúgbó sínú rẹ̀,
ó ń gbàgbé ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ lówó.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́tà funfun ń sáré lójú gíláàsì dúdú,
ó ń pe ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan bí tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà.
Kíbọ́ọ̀dù? Mo wà.
Díìsìkì? Mo wà, àmọ́ ẹ̀yìn ń dùn mí.
Ó kan káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
ó dákẹ́.
Ó dákẹ́ débi pé mo gbọ́ ẹ̀fọn.
Ó wá kọ ọ́: N kò rí káàdì kankan níbí.

Kò rí i kẹ̀!
Káàdì tí mo fọwọ́ ara mi kì bọ ihò,
tí mo fi síkúrù dè pinpin!
Mo tú u. Mo fi írésà ọmọ iléèwé nu eyín wúrà rẹ̀,
mo fẹ́ atẹ́gùn sí ihò náà, eruku bò mí lójú,
mo tún un kì.
N kò rí káàdì kankan níbí.

Mo wá rántí ẹnu géètì, ní alẹ́ yìí kan náà.
Mo kanlẹ̀kùn. Bàbá Sálíù ọlọ́dẹ ní, Ta nì yẹn?
Mo ní, Èmi ni.
Ó ní, Èmi-ni kì í ṣorúkọ. Èmi-ni pọ̀ ní Ṣàgámù.
Ó gbọ́ ohùn mi o, ó mọ̀ pé ènìyàn ló dúró,
síbẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn, àfi ìgbà tí mo ní
Efúnbọ̀wálé ni, ọmọ Odùfúwà tó ń tún rédíò ṣe.

Nítorí náà mo yí ìbéèrè padà.
N kò bi kọ̀ǹpútà pé ta ló mọ̀,
mo bi í pé kí ló ń gbọ́.
Ó jẹ́wọ́: nǹkan kan wà ní ihò kẹta,
ó ń ka nọ́ńbà kan ṣáá,
n kò gbédè rẹ̀.
Ẹ ò rí i! Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ògbufọ̀ ni kò ní.

Ògbufọ̀ ọ̀hún, dírẹ́bà là ń pè é
bí ẹni pé ó fẹ́ wakọ̀ lọ sí Ọrẹ̀,
orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé.
Ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì sì rèé, káàdì náà ni.
Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan láàárín obì:
kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ilẹ̀kùn ti tì.

Mo fi wáyà ṣájà so fóònù mi mọ́ ọn.
Fóònù, ó mọ̀ ọ́n. Kò tiẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì.
Dátà tó kù sínú rẹ̀ kò ju èyí tí à á fi wo fọ́tò mélòó kan,
ó ń fa ògbufọ̀ bọ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí omi kànga ọ̀gbẹlẹ̀.
Nígbà tó dé àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, iná ṣẹ́jú.
Mo di tábìlì mú, bí ẹni pé tábìlì ló ń gbé iná ró.
Iná kò lọ.

Gílóòbù kékeré kan tàn lẹ́yìn àpótí, àwọ̀ ewé tútù,
ó ń pajú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Ẹ̀rọ sọ ọ́ lórúkọ.
Kò fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó bí i pè é,
ibi tó jókòó sí ló fi pè é, ojúlé kẹta, ihò òdo,
bí a ṣe ń sọ pé ará Òfin ni, ará Mákùn ni.
Bí mo bá ṣí i nípò lọ́la, orúkọ yóò yí.

Bàbá Sálíù yọrí wọlé, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.
Ṣé ó ti mọ̀ ọ́n báyìí?
Mo ní ó ti mọ̀ ọ́n.
Ó ní, Ó dáa. Ohun tí wàá kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyí, kó má gbàgbé:
Alágbà Ṣóẹ̀tan fúnra rẹ̀ jẹ ẹgbẹ́ ní agbọ̀n méjì.