Igo Kẹtàdínlógún

Igo kẹtàdínlógún kò ní orúkọ lára,
nọ́ńbà nìkan, àti ọjọ́ tí wọ́n fún wàrà inú rẹ̀.
Bí òfin ilé àyẹ̀wò wa ní Mbarara ṣe rí nìyẹn:
ẹni tó ń wo wàrà kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni màálù.
Ṣùgbọ́n mo ṣí ìdérí, mo mọ òórùn èéfín yẹn.
Koríko kan ṣoṣo ni bàbá mi ń sun sínú agbè wàrà
láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo wò lánàá.
Mo kán an sórí gíláàsì, mo fi aró kùn ún,
mo dojú dé awò.
Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́
bí àmì ohùn tí akọ̀wé kọ sílẹ̀
tó gbàgbé lẹ́tà tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀.
Ọmọ màálù tó ni ẹ̀jẹ̀ náà ti kú kí n tó nu gíláàsì.
Kókó wú sí i lábẹ́ etí,
ó ń mí bí ẹni tó rì sómi lórí ilẹ̀ gbígbẹ.
Eégbọn kan ló gbé e wá,
kò tó hóró ẹ̀wà.

Wọ́n ní bí eégbọn bá so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu,
adìẹ kọ́ ni yóò já a.
Èmi adìẹ yìí ni wọ́n ń sanwó oṣù fún láti já a.

Oògùn àkọ́kọ́ kò ran eégbọn mọ́, bàbá mi ra ìkejì.
Ìkejì kò ràn án, ó pò ó mọ́ ti àkọ́kọ́,
ó tún bu èyí tí wọ́n ń fín sára kọfí kún un,
ó fi ọwọ́ lásán rò ó nínú garawa.
"Kemirembe, eégbọn gbọ́n, àwa náà á gbọ́n jù ú lọ."
Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.
Eégbọn fi wẹ̀, ó gbọnra, ó lọ yé ẹyin sí koríko.
Lékèélékèé ni kò gbọnra.
Mo rí ọ̀kan lẹ́bàá omi nígbà Kérésì,
ìyẹ́ rẹ̀ funfun, kò ní àbàwọ́n kankan.

Ẹ̀rọ ń kùn. Ó ń fa ìlà lórí bébà,
ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí pápá Nyabushozi lẹ́ẹ̀rùn,
àfi ìgbà tí òkè kan yọ.
Òkè kejì yọ.
Mo mọ orúkọ òkè méjèèjì,
wọ́n wà lára ìgò tó wà lẹ́yìn ilé wa.

Mo lọ sílé ní Sátidé.
Ó fún wàrà Bihogo, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.
"Wo etí rẹ̀! Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀!
Mu, ìwé ti sọ ọ́ di igi gbígbẹ."
Ife náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.
Àwọ̀ ìka rẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.
Mo bi í léèrè. Ó ní òtútù ni.

Nílẹ̀ wa, a kì í kọ wàrà màálù bàbá ẹni.
Mo gbé ife sórí koríko.
Bihogo yí ìwo gígùn náà padà, ó wò mí.
N kò dárúkọ igo, n kò dárúkọ òkè.
Orí lékèélékèé ni mo ti bẹ̀rẹ̀.