Táyà Iwájú, Ọwọ́ Òsì

Lẹ́bàá afárá Ọ̀wẹnà, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́,
ni mo pa àgọ́ páànù mi sí.
Táyà ni iṣẹ́ mi. Mi ò kì í bi mọ́tò léèrè ibi tó ti ń bọ̀,
ihò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń wá.

Aago méjì òru ti kọjá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Pijó funfun kan ń tiro bọ̀
bí ewúrẹ́ tí wọ́n sọ lókò lẹ́sẹ̀.
Ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé,
bírò ṣì wà lápò àyà rẹ̀.
“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yára.”
Obìnrin ò tíì sọ̀. Ó gbé àpò kòkó kan lé itan
bí ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná.

Mo tú táyà iwájú, ọwọ́ òsì. Ìṣó ni.
Mo ki túùbù bọ omi, omi ń hó.
Obìnrin náà wá bá mi di fìtílà mú.
Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ti ọkùnrin ló ń gbọ̀n.
“Bàbá, bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́, ṣé yóò pẹ́?”
Mo ní, “Ohun tí èmi bá lẹ̀,
táyà á gbó tán kó tó tú.”
Ó rẹ́rìn-ín. “Akíntérinwá, o gbọ́?”
Bí mo ṣe mọ orúkọ nìyẹn. Ì bá dára kí n má mọ̀ ọ́n.

Pọ́ǹpù ọwọ́ la fi fẹ́ ẹ.
Ó rẹ̀ mí, ọkùnrin gbà á.
Ó rẹ ọkùnrin, obìnrin ká ìró sórúnkún, ó gbà á,
ó ń mí hẹ̀, hẹ̀, ó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé.
Wọ́n fún mi ní náírà márùn-ún fún iṣẹ́ àádọ́ta kọ́bọ̀.
Owó náà ń rùn bí kòkó tí kò gbẹ dénú.
Mo ní mi ò ní ṣẹ́ńjì.
Wọ́n ní kí n bá wọn tọ́jú ẹ̀, àwọn á padà wá gbà á.

Ilẹ̀ mọ́, ìròyìn dé láti Òde Oǹdó:
akọ̀wé tó ń wọn kòkó, ìyàwó kékeré ọ̀gá rẹ̀,
owó àgbẹ̀ odindi ọ̀sẹ̀ kan.
Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé kòkó ò dìde mọ́. Ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi.
Wọ́n ní obìnrin ló di ìbọn mú.
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí bó ṣe ń di fìtílà mú.
Ọlọ́pàá ní, “Ibo ni wọ́n gbà?”
Mo nawọ́ sí Àkúrẹ́.
Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, irọ́ wo ni n bá pa?

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pa wọ́n lọ́nà Ìjù.
Wọ́n ní táyà ló tú.

Táyà ló tú.
Mo jẹ ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ẹ̀kọ.
Mo sùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ́yìn mi.
Ìyàwó mi ní, “Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n jalè ni?”
Mi ò fèsì. Kì í ṣe ti olè.

Oṣù karùn-ún, mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́,
sí ẹ̀yìn ọgbà àwọn ọlọ́pàá, níbi tí Pijó náà ń gbó sí.
Mo fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní náírà márùn-ún ọjọ́sí.
Mo ní irin ni mo wá rà.
Koríko ti hù gba inú ẹ́ńjìnnì jáde.
Táyà ẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún, ti fàya yánnayànna: ihò ìbọn, mẹ́ta.
Mo yí lọ síwájú, sí ọwọ́ òsì.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Ó le.

Mo lóṣòó. Mo tú ìdérí fáàfù, mo fi èékánná tẹ ojú rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ òru Ọ̀wẹnà jáde sí mi lójú, ó tutù:
tèmi, ti akọ̀wé, ti obìnrin tó ń kà á sókè.
Mi ò yọwọ́ títí ó fi tán.

Ọlọ́pàá ní, “Bàbá, irin wo wá lẹ fẹ́?”
Mo ní kò sí èyí tó bá mi mu.