Omi Inú Ife

Ọjọ́ Ajé ni Tísà Òdúnùgà gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá,
tòkunbọ̀, àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Hámbọ́ọ̀gì.
Ó ṣí i lórí tábìlì mi ní Òkè-Balógun:
gbogbo lẹ́tà dorí kodò bí àdán.
"Ráfíátù, ẹ̀rọ yìí ń ṣiwèrè."
Mo ní ẹ jẹ́ kó sùn síbí, ẹ wá gbà á lọ́la.

Ọ̀la ọ̀hún di Ọjọ́rú.

Mo yí i sọ́tùn-ún, ojú rẹ̀ sá lọ sósì.
Mo gbé e dúró, ó ní ìsàlẹ̀ ni òkè wà.
Línúsì ni mo fi sí i, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́,
èyí tí àwọn tí n kò lè dá mọ̀ lójú títì jọ kọ,
tí wọn ò fi àgádágodo kankan sí i;
bó bá bàjẹ́, ìwọ gan-an lo máa wọ inú rẹ̀ lọ.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ ibi tí ilẹ̀ ń fà sí.
Ẹni tó ń bá a gbẹnu sọ, dírẹ́bà là ń pè é,
bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ́tò, kò ní ọkọ̀ ojú omi,
kò dúró ní Máríná kó máa kígbe
"Ẹ̀jìnrìn, ó ku ẹnì kan!"
Mo yọ ọ́. Mo dá a padà. Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án.
Wọ́n mú iná lọ.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka òǹkà tó ń jáde,
mẹ́sàn-án lé díẹ̀, mẹ́sàn-án lé díẹ̀,
ẹ̀fọn ń bá mi kà á.
Mo bú dírẹ́bà. Mo bú Hámbọ́ọ̀gì.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo gbé e dání lọ sí Pàpà.
Bàbá mi jókòó létí ọ̀sà, lẹ́bàá ọkọ̀ tí kò kàn tán.
Kí àrùn tó mú apá òsì rẹ̀, kò lo lẹ́fẹ̀lù rí:
ife omi ló máa ń gbé ka pákó,
á tẹjú mọ́ ọn, á sì mọ ibi tó kan òòlù.
Mo ní, "Bàbá, nǹkan yìí ń purọ́ fún mi."
Ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀:
"Omi kì í purọ́. Ta ló kan ife mọ́ pákó?"

Ta ló kan ife mọ́ pákó!
Mo gun ọ̀kadà, n kò tilẹ̀ dúnàádúrà.
Ẹni tó tò ó nílé iṣẹ́ ló gbé e sódì,
kò sì sẹ́ni tó sọ fún dírẹ́bà.
Fáìlì kan, òǹkà mẹ́sàn-án, mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta.
Mo fa ìlà kékeré síwájú oókan àkọ́kọ́,
mo fa òmíràn síwájú èyí tó wà láàárín.
Àyọkúrò méjì.
Mo pa á, mo tan án, mo gbé e dúró:
àwọn lẹ́tà fẹsẹ̀ balẹ̀.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni iṣẹ́,
kí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ lè sùn lóru tirẹ̀.
Tísà san ìdajì owó, ó ní ìyókù di oṣù tó ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo padà sí Pàpà.
Bàbá mi ṣì fi ẹ̀gbẹ́ tì sósì,
bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà.
Mo wò ó títí. Kò sí fáìlì tí mo lè ṣí.
Mo gbé ife tíì rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Ojú tíì náà tẹ́ pẹrẹsẹ.