Àmì Kan Lórí Ẹ̀jẹ̀

Tísà ni bàbá wa ní Yẹmẹtú,
bírò pupa kì í kúrò létí rẹ̀.
Ìwé ìkéde òkú ni o, pátákó oníbàtà ni o,
ibi tí àmì ohùn bá ti ṣì, yóò fàlà sí i.
"Gbé àmì ìsàlẹ̀ kúrò, fi tòkè sí i,
ẹ̀jẹ̀ ti di ẹ̀jẹ́.
Àmì kan péré, Fadérera! Ọ̀rọ̀ mìíràn ni."
Mo rò pé gírámà ló ń kọ́ mi.

Kúkọ̀yí ni wọ́n sọ àbúrò mi.
Ikú kò gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa.
Bí ọyẹ́ bá ti bo Òkè Ààrẹ,
egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lóru;
a ó rọ omi gbígbóná sínú ìgò, a ó fi aṣọ wé e,
a ó gbé e tì í níbàdí,
ìyá wa á máa ka agogo.
Fòníkú-fọ̀ladìde:
ó kú lónìí, ó dìde lọ́la,
ó kú lónìí, ó dìde lọ́la, ó bèèrè mọ́ínmọ́ín tútù,
títí di ọ̀la kan tí kò dìde.
Èsì ìdánwò rẹ̀ dé lẹ́yìn ìsìnkú.
Ó gba A nínú Yorùbá.

Ọ̀rítamẹ́fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru báyìí,
mo ń ṣọ́ fírísà tó tutù ju ọyẹ́kọ́yẹ́ lọ.
Bí iná bá lọ, èmi ni mo ń sáré tan jẹnẹrétọ̀
kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn má baà yọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Kúkọ̀yí wà láàárín wọn, nọ́ńbà 417.
Mi ò ṣí i rí. Mo kàn máa ń kí i.

Dókítà Ọ̀ṣúnkúnlé pè mí sídìí ẹ̀rọ.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ara,
ó ń lọ gbọọrọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mí.
"Wò ó. Ibí yìí ni."
Lẹ́tà kan nínú bílíọ̀nù mẹ́ta.
Ọwọ́ mi ti ń wá bírò pupa.

"Má fàlà sí i," ló wí.
Kí Ìbàdàn tó jẹ́ Ìbàdàn,
kí ẹnikẹ́ni tó dúró lẹ́bàá ọ̀dàn kó pe ibẹ̀ nílé,
ẹnìkan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀
bí ọmọ kan tí lẹ́tà rẹ̀ yí.
Wọ́n ṣá igbó, omi dárogún sójú oko,
ẹ̀fọn dé,
ibà ń kó ọmọ bí ẹni ń ká ilá.
Ọmọ yẹn kò kú.
Ó dàgbà, ó bímọ, ọmọ bímọ,
wọ́n ń tàtaré lẹ́tà náà títí ó fi kàn wá.
Ẹni tó gba ẹyọ kan, ó gba asà.
Ẹni tó gba méjì…
Bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ di ẹ̀jẹ́ lóòótọ́:
ẹnìkan jẹ́ ẹ nínú igbó láyé ọjọ́un,
Kúkọ̀yí ló wá san án.

Wọ́n ní ìwòsàn ti ń yọjú lókè òkun.
Wọ́n á kó irúgbìn ẹ̀jẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eegun,
wọ́n á jí ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ fi gbé inú ìyá,
èyí tí kì í tẹ̀ bí dòjé,
tó máa ń sùn lọ kí ọmọ tó rákò.
Mo bèèrè iye rẹ̀.
Dókítà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín.
Bí a bá ta ilé wa, tí a ta ti Baba Múfù,
tí a ta gbogbo òrùlé Yẹmẹtú tàgbàrá-tàgbàrá,
bóyá a ó lè ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi máa gún un.

Ní kílíńíìkì Ọjọ́rú, Tèmilọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú,
na apá sí mi, kò sunkún.
"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ mi yìí, ta ló ń kà á?"
Mo ní èmi ni.
"Ẹ kà á dáadáa o.
Màmá mi ní bóyá wọ́n kánjú kọ ọ́ ni."

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò,
mo fi gbogbo àmì sí i,
pẹ̀lú bírò pupa.